Bọ́ọ̀dù Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Bi: Ọ̀rọ̀ Lórí Pípààrọ̀ Processor Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílé yín, bóyá èèyàn lè yọ processor inú rẹ̀ kó sì fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí n tó ṣàlàyé. Ó ṣe é ṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì náni lówó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré lọ sọ́jà kó tó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ohun tí kò ní wọlé ló máa fowó rà.

Níbo ni kọ̀ǹpútà inú ilé wa ti ń wá ná? Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn: Dell OptiPlex, HP Compaq Elite, Lenovo ThinkCentre. Ọ́fíìsì, ilé ẹ̀kọ́ àti báńkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ lò wọ́n. Bí wọ́n bá ti lò ó fún ọdún díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń ra àlòkù á kó o sínú kọ̀nténà, á dé èbúté Àpápá tàbí Tin Can, á dé Computer Village ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ làwa ará Ọ̀tà ti ń gbé e gba Abúlé Ẹ̀gbá bọ̀ wá sílé, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tẹ́ ẹ ti mọ̀ yẹn. Ní 2005, àjọ Basel Action Network wá wo ọjà náà l'Ékòó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé nǹkan bíi kọ̀nténà 500 ló ń wọlé lóṣù, àti pé àwọn tó wà nínú òwò náà fúnra wọn gbà pé ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ tí kò ṣe é tún ṣe, tí kò sì ṣe é tà. Ìwádìí mìíràn tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí ní 2015 àti 2016 rí i pé ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ àlòkù tó ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún kan tó nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù, àti pé inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ń di èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà tó yọ nínú ẹrù yẹn láàyè, tó sì ń ṣiṣẹ́ nílé yín, ọ́fíìsì kan ló yan ohun tó wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé tó ń tẹ lẹ́tà ní Birmingham ò nílò processor ńlá, nítorí náà Pentium tàbí Core i3 ni wọ́n ní kí Dell fi sí i. Àmọ́ Dell ò ṣe bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ fún akọ̀wé. Bọ́ọ̀dù tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ náà ló wà nínú ti ẹni tó ń ya àwòrán ilé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n fi Core i7 sí. Àyè ti wà nínú àpótí yẹn láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, ẹnikẹ́ni ò kàn lò ó ni. Ohun tí mo bá wá síbí nìyẹn: processor tuntun tó wúlò fún yín ni èyí tó ga jù lọ tí bọ́ọ̀dù yín lè gbà. Èyí tó jáde lọ́dún yìí ò kàn yín. Àǹfààní ibẹ̀ sì ni pé èyí tí bọ́ọ̀dù yín lè gbà yẹn ti pẹ́ lọ́jà débi pé owó rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ lọ̀rọ̀ yìí máa kọ́kọ́ yé. Bí mọ́tò tó ń yí bẹ́líìtì bá jóná, ẹ ò jẹ́ rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra mọ́tò "tó lágbára" láìka ohun tó wà lára irin pẹlẹbẹ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: fóólìtì rẹ̀, agbára rẹ̀, iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe nípọn tó. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà náà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Orúkọ ẹ̀rọ wà níwájú àpótí. Ti Dell tún ní Service Tag, lẹ́tà àti nọ́mbà méje tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì Dell, ẹ ó rí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ tí wọ́n tà á. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n tò jọ níbí ni, ẹ ṣí i, orúkọ bọ́ọ̀dù wà lára bọ́ọ̀dù gan-an, wọ́n sábà máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ tú nǹkan kan lè fi CPU-Z sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, á sì sọ orúkọ bọ́ọ̀dù, ti chipset (ẹ̀yà tó ń darí bọ́ọ̀dù) àti ti processor fún un.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o. OptiPlex 7010 ti 2012 wà, òun ló kún ìta. Dell tún fi orúkọ yẹn kan náà pe ẹ̀rọ mìíràn ní 2023, wọn ò sì bá ara wọn tan rárá.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ojú ibi tí processor ń jókòó sí. Intel máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ṣáá ni: LGA 775 ní 2004, LGA 1156 ní 2009, LGA 1155 ní 2011, LGA 1150 ní 2013, LGA 1151 ní 2015, LGA 1200 ní 2020, LGA 1700 ní 2021. Iye ojú ibi tí processor ti ń fara kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ni nọ́mbà yẹn. Processor tí wọ́n ṣe fún 1155 ò lè jókòó sí 1150, kódà bí ẹ bá gbàdúrà lé e lórí, àdúrà ò sì wọ́n l'Ọ̀tà níbí.

Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá tiẹ̀ wá bára mu, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Ibẹ̀ lowó àwọn èèyàn wa ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ mú LGA 775. Ó gba Pentium 4, ó gba Pentium D, ó gba Core 2 Duo tó jáde ní 2006, ó gba Core 2 Quad Q6600 tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Síbẹ̀, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe ní 2004 fún Pentium 4 ò ní gbé Core 2 Duo, nítorí pé apá tó ń fún processor níná lórí bọ́ọ̀dù yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fún Core 2 ní ìwọ̀n tó ń fẹ́, chipset rẹ̀ náà ò sì mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀dù tó ní chipset 965 gba àwọn Core 2 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kọ àwọn tó tẹ̀ lé e, irú bí E8400. G31, P35 àti Q35 gbà á. Ẹni tó bá lọ ra E8400 fún bọ́ọ̀dù 965, tó tan án, á rí i tí fáànù ń yí tí mọ́nítọ̀ sì dúdú. Á ní ẹni tó tà á fún òun ti lu òun ní jìbìtì. Ọjà ọlọ́jà ò bàjẹ́ o, ilé tí wọ́n gbé e wá ni kò gbà á lálejò.

Ẹ tún wo LGA 1155. OptiPlex 990 ti 2011 àti OptiPlex 7010 ti 2012, ojú lásán ò lè fìyàtọ̀ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Chipset Q67 ló wà nínú 990, Q77 ló wà nínú 7010. Intel ṣe ìran Core méjì fún sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí: ìran kejì, tí nọ́mbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, irú bí i5-2400 àti i7-2600, àti ìran kẹta, irú bí i5-3470 àti i7-3770. Q77 gba ìran méjèèjì. Q67 àti Q65 dúró lórí ìran kejì, Intel ò sì ṣí ìlẹ̀kùn fún wọn láti gba ìkẹta. Àwọn bọ́ọ̀dù H67 àti P67, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà nílé, gba ìran kẹta bí wọ́n bá ti sọ BIOS wọn, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, dọ̀tun. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì tó wọ́n jù ú lọ nígbà náà ni kò gbà á. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Bí ọjà wọn ṣe rí nìyẹn.

Ìdẹkùn tó burú jù, tó sì ń mú èèyàn lọ́wọ́ báyìí, wà nínú LGA 1151. Core ìran kẹfà àti ìkeje lò ó pẹ̀lú bọ́ọ̀dù onínọ́mbà 100 àti 200. Ní ìparí 2017, Intel gbé ìran kẹjọ jáde, orúkọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ò yí padà, ìrísí rẹ̀ ò yí padà, processor náà á jókòó wọ̀ọ̀. Àmọ́ Intel ti yí iṣẹ́ tí àwọn kan nínú ojú ìfarakàn yẹn ń ṣe padà, bọ́ọ̀dù onínọ́mbà 300 nìkan ló sì máa gbà á. Ìran kẹjọ yìí gan-an ni Microsoft ní kí Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní i5-7500 nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ń rò pé òun á kàn fi i5-8500 rọ́pò rẹ̀ kí Windows 11 lè gba òun láàyè, kó yáa fowó rẹ̀ sápò.

Èmi ò gbà pé ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan ló ń fa gbogbo ìpààrọ̀ yìí. AMD ti fi hàn pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 wọn ló gba Ryzen àkọ́kọ́ ní March 2017, òun náà ló gba Ryzen 7 5800X3D ní April 2022. Bọ́ọ̀dù B350 tí èèyàn rà ní 2017 lè gba processor tó jáde lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù náà bá ti gbé BIOS rẹ̀ jáde. Kódà AMD kọ́kọ́ ní kò ní rí bẹ́ẹ̀ fún Ryzen 5000 lórí bọ́ọ̀dù onínọ́mbà 300, kí wọ́n tó gbà ní 2022. Intel fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa irú nǹkan báyìí nígbà kan rí: láti 1992 ló ti ń ta processor tó pè ní OverDrive fún ẹni tó ní 486 nílé, èyí tí onítọ̀hún á fọwọ́ ara rẹ̀ kì bọ ojú ibi tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún un lórí bọ́ọ̀dù. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń rọ èèyàn pé kó pààrọ̀ rẹ̀ nílé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pọ̀. Kọ̀ǹpútà wa ni OptiPlex 7010 ti 2012. Core i3-3220 ló wà nínú rẹ̀, core méjì, wáàtì 55. A fẹ́ fi i7-3770 sí i: core mẹ́rin tó lè gbé iṣẹ́ mẹ́jọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, 3.4 GHz, wáàtì 77. Ẹ kó iṣẹ́ yín pamọ́ sí ibòmíì ná. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, pípa nìkan ò tó, kẹ́ ẹ wá tẹ ibi tẹ́ ẹ fi ń tan án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù sínú rẹ̀ lè tán. Nígbà ọyẹ́, ara èèyàn máa ń kó iná tí ojú kì í rí. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí náà kó tó di pé ẹ fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni eruku. Ọ̀tà ní eruku tiẹ̀, pàápàá létí ọ̀nà Ìdìrókò àti ní àgbègbè ilé iṣẹ́: iyẹ̀pẹ̀ tí tírélà ń gbọ́n sókè, símẹ́ńtì, èéfín ilé tí wọ́n ti ń yọ́ irin, èéfín jẹnẹrétọ̀. Gbogbo rẹ̀ á ti di pọ̀ sáàárín àwọn irin wẹ́wẹ́ heat sink tó ń mú ooru kúrò lórí processor, afẹ́fẹ́ ò ní rọ́nà gbà mọ́. Processor tó bá gbóná ju bó ṣe yẹ á fúnra rẹ̀ dín eré kù kó má bàa jó. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé eruku yìí tí wọ́n gbọ́n kúrò, àti paste àárín heat sink àti processor tó ti gbẹ tí wọ́n pààrọ̀, ni kọ̀ǹpútà fi padà sípò, tí wọn ò sì ní láti ra nǹkan kan mọ́. Ẹnjiníà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, tó gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan, ẹ má fi í sílẹ̀.

Heat sink ní ìdè mẹ́rin. Ẹ má tú ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí èkejì. Ẹ máa tú wọn díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ processor, ẹ yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ má fà á sókè tipátipá. Ẹ fi spirit àti aṣọ tí kì í tú òwú nu paste àtijọ́ kúrò. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì: ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ẹ fà á síta, ẹ gbé e sókè, ìdérí á ṣí. Ẹ di processor mú létí, kẹ́ ẹ gbé e sókè tààrà. Abẹ́ rẹ̀ lẹ ó ti rí i: abẹ́rẹ́ aláwọ̀ wúrà 1,155, wẹ́wẹ́, gbogbo wọn dorí kọ apá kan náà. Bí ọwọ́ bá gbá wọn, tàbí bí processor bá já lé wọn, wọ́n á tẹ̀, bọ́ọ̀dù sì lè má tàn mọ́. Ẹnjiníà tó lójú tó sì ní sùúrù lè fi abẹ́rẹ́ tọ́ wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di iṣẹ́ tiyín.

I7 tẹ́ ẹ rà ní kọ́tọ kékeré méjì létí, ó sì ní àmì onígun mẹ́ta ní igun kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ti sọ́kẹ́ẹ̀tì mu, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń dá ọ̀pá ìdè padà, á le, á sì dún. Kò séwu. Ẹ fún paste bíi hóró ìrẹsì kan sáàárín orí rẹ̀, ìwúwo heat sink á tẹ́ ẹ. Ẹ má gbàgbé wáyà fáànù. Lẹ́yìn náà, ẹ tan án, ẹ tẹ F2 kẹ́ ẹ wọ inú BIOS: bí orúkọ i7-3770 bá hàn níbẹ̀, ó ti gbà. Ẹ wá fi nǹkan bíi Core Temp wo bó ṣe ń gbóná nígbà tẹ́ ẹ fún un níṣẹ́. Bó bá ń sáré kọjá 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, heat sink ò jókòó dáadáa, ẹ tú u tún tò.

Wáàtì yẹn náà lọ́rọ̀ nínú. Q6600 tó gbajúmọ̀ lórí LGA 775 wà ní oríṣi méjì, orúkọ kan náà. Èyí tí wọ́n kọ SL9UM sí lórí ń lo wáàtì 105, èyí tí wọ́n kọ SLACR sí ń lo 95. Nínú àpótí tóóró tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ dáadáa, nínú yàrá tí iná ò sí fún fáànù, ìyàtọ̀ yẹn tó nǹkan. Lẹ́tà àti nọ́mbà orí irin processor yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa kà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtajà ní Òpópónà Otigba ní Computer Village. Ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí tàbí bébà tí wọ́n fi wé e. Àmì i7-3770 ni SR0PK. Ẹ fi fóònù yín wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ sì bá ẹni tó ń tà á ṣe àdéhùn pé ẹ ó dá a padà bí kò bá tàn. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà, wọ́n kàn lè ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ ní. Bí ẹ bá lè gbé kọ̀ǹpútà náà dání kẹ́ ẹ sì dán an wò lójú wọn, ìyẹn ló dára jù.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí òun ò kàn ra tuntun. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi náírà 470 níbẹ̀rẹ̀ June 2023, kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500 lọ́wọ́ ìjọba fúnra rẹ̀. Owó oṣù ilé iṣẹ́ ò sáré tó bẹ́ẹ̀. Láti 2015 ni JAMB ò ti lo bébà àti pẹ́ńsùlù mọ́, ọmọ tí kò bá ní kọ̀ǹpútà nílé á lọ máa sanwó fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ eku kọ̀ǹpútà ní café kó tó jókòó ṣèdánwò. Ìyẹn nìkan ti tó ìdí.

Ọ̀rọ̀ iná. Púpọ̀ nínú yín ló ń gba iná lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ apínná IBEDC, ẹ sì rántí April 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti náírà 68 sí 225 fún wákàtí kílówáàtì kan. Ẹni tó ṣì ń lo Pentium D, wáàtì 95 sí 130 ni ọ̀pọ̀ wọn. Bí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá gba Core 2 Duo, wáàtì 65 ni, ó sì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Irú ìyípadà yẹn máa ń hàn lára epo jẹnẹrétọ̀ àti bí bátìrì inverter ṣe ń pẹ́ tó. Ti i3 sí i7 tí mo ṣàpèjúwe kò ní dín owó iná kù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Iná tún lè ba nǹkan jẹ́ lọ́nà mìíràn. Bọ́ọ̀dù mìíràn wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ BIOS rẹ̀ dọ̀tun kó tó lè dá processor kejì mọ̀, pàápàá àwọn AM4. Ẹ ṣe é nígbà tí processor àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní tàn fún yín láti ṣe é. Bí NEPA bá sì mú iná lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń kọ BIOS yẹn, bọ́ọ̀dù lè di òkú irin. Ẹ so ó mọ́ UPS tàbí inverter tí ó dá yín lójú. Ẹ má gbára lé pé "wọn kì í mú un lọ ní irú àsìkò yìí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní laptop, ọ̀rọ̀ tiyín ò gùn. Àwọn àtijọ́ bíi HP EliteBook 8460p àti Dell Latitude E6420 ti 2011 ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a lè yọ processor kúrò nínú rẹ̀. Folio 9470m àti EliteBook 840 tó tẹ̀ lé wọn, èyí tí mo ń rí lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Covenant àti ti Bells nígbà kan, wọ́n ti fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ó kù síbì kan tí mo mọ̀ pé àwọn òǹtajà ò ní fẹ́ràn mi. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó lọ́ra nínú ilé wa, ẹ̀bi ò sí lọ́rùn processor. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lórí Windows, kẹ́ ẹ máa ṣe ohun tó ń lọ́ra lọ́wọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì máa wo àwọn nọ́mbà tó ń hàn. Bí CPU bá dúró sí 100 fún ìgbà pípẹ́, ẹ wá bá mi, a ó sọ̀rọ̀ processor. Bó bá jẹ́ disk ló wà ní 100, tí CPU wà ní 15, hard disk tó ń yí ló ń fa yín sẹ́yìn, SSD lẹ máa rà. Bó bá jẹ́ Memory ló kún, RAM ni, ẹ sì rántí pé DDR2 inú OptiPlex 755 ò lè wọ ibi tí DDR3 ti 780 ń wọ̀. Ẹni tó fi i7 sínú kọ̀ǹpútà tó ní RAM 2 GB àti hard disk àtijọ́ kò ní rí ìyàtọ̀ tó lè fi han aládùúgbò. Lérò tèmi, SSD ló yẹ kó ṣáájú, kí RAM tẹ̀ lé e, processor nìkẹta. Ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó, ẹni tó ń lo AutoCAD, ẹni tó ń ṣe orin nínú yàrá rẹ̀, àwọn wọ̀nyí nìkan ni mo lè gbà fún pé processor ló kọ́kọ́ kàn.

Windows ńkọ́? Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Kọ̀ǹpútà LGA 1155 yín, kódà pẹ̀lú i7-3770, kò sí nínú àwọn tí Windows 11 fọwọ́ sí. Àwọn ọmọ wa mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbà á wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ti Core 2 ni ọgbọ́n ò ràn: láti ìpele 24H2 ni Windows 11 ti ń béèrè àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní POPCNT, kò sì sí nínú Core 2 kankan, Duo tàbí Quad. Fún àwọn yẹn, Linux ló kù, irú bíi Linux Mint. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ program ò ní pàdánù ohunkóhun níbẹ̀, bàbá tó fẹ́ máa fi Excel ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò nílé á kùn díẹ̀.

Processor tẹ́ ẹ yọ, ẹ má gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Iye tí wọ́n máa fún yín ò tó nǹkan, ibi tí ẹnì kan bá sì ti sun ún nítorí wúrà díẹ̀ tó wà lára rẹ̀, èéfín yẹn làwọn ọmọ àdúgbò máa fà símú. Àtọdún 2011 ni òfin àyíká tó wà lábẹ́ àjọ NESREA ti wà lórí irú pàǹtí yìí. Ẹ fi i3 yẹn sínú páálí tí i7 bá wá, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Celeron ló wà nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ní Ìjokò níbẹ̀ yẹn, bọ́ọ̀dù tiẹ̀ sì lè gbà á.

Mo rí i pé àwọn kan gbé àpótí kọ̀ǹpútà wọn dání bí a ṣe ní kí wọ́n ṣe, ohun ìtúdè sì wà lórí tábìlì níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni HP Compaq 8200 Elite tó wà níwájú yẹn, ẹ bá wa gbé e bọ̀. Chipset Q67 ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìran kejì la máa dúró lé, ṣùgbọ́n a lè dé i7-2600.